Wọ́n Fẹ́ Gé Igi Àdúgbò Wa: Ìbéèrè àti Ìdáhùn Lórí Igi Ìgboro

Ọ̀rọ̀ igi ni àwọn èèyàn máa ń bá mi sọ báyìí, pàápàá bí katapílà bá ti wọ àdúgbò wọn. Mo kó àwọn ìbéèrè tó ń padà wá lemọ́lemọ́ jọ síbí. Ìbàdàn ni mò ń gbé, nítorí náà àpẹẹrẹ Ìbàdàn àti Èkó ni yóò pọ̀ jù níbẹ̀. Bí ẹ bá ń kánjú, ẹ fò lọ síbi tí mo ti sọ̀rọ̀ gbòǹgbò, torí ibẹ̀ gan-an ni ọ̀pọ̀ igi ti ń kú kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀.

Ṣé ẹ kò fẹ́ kí ìlú dàgbà ni? Ọ̀nà ni wọ́n ń là o.

Ta ni kò fẹ́ ọ̀nà? Ẹni tó bá ti há sínú súnkẹẹrẹ fàkẹẹrẹ láti Mọ́kọ́lá dé Sáńgo kò ní bá ẹnikẹ́ni jà torí pé wọ́n ń fẹ títì. Ohun tí mo máa ń béèrè kò ju ẹyọ kan lọ: ṣé igi yẹn gan-an ló dí ọ̀nà, àbí kò sẹ́ni tó rántí rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń ya pláànù?

Ẹ wo bí iṣẹ́ ṣe ń lọ. Sọ́feyọ̀ á wọn ilẹ̀, á fi ààlà sí i, á ya òpó iná, á ya gọ́tà. Igi kì í sábà sí nínú ìwé yẹn. Bí katapílà bá wá dé, awakọ̀ rẹ̀ á bá ohun tí kò sí nínú pláànù lójú ilẹ̀, iṣẹ́ tirẹ̀ sì ni pé kó gbá a kúrò. Kò sẹ́ni tó jókòó pinnu pé kí igi tí bàbá ẹnìkan gbìn kú. Wọn ò kàn kọ ọ́ sílẹ̀ ni. Mo ti rí ibi tó jẹ́ pé ká ní gọ́tà yà díẹ̀ sápá òsì, bí ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta péré, igi náà ì bá ṣì wà níbẹ̀ lónìí. Ẹni tó ń gbẹ́ gọ́tà kò láṣẹ láti yà á, ẹni tó láṣẹ kò sì sí níbẹ̀.

Ṣé lóòótọ́ ni pé igi pọ̀ nígboro tẹ́lẹ̀, àbí àwọn àgbà kàn ń ṣàárò ìgbà èwe wọn?

Ẹ wọ dáńfò l'Ékòó, kí ẹ tẹ́tí sí kọ̀ńdọ́. Ìdí-Àràbà, níbi tí ilé ìwòsàn ńlá LUTH wà. Ìdí-Orò ní Múṣin. Ìdí-Mángòrò lójú ọ̀nà Agége. Ní Ìbàdàn, ẹ ó gbọ́ Ìdí-Arẹrẹ, Ìdí-Ìṣin, Ìdí-Apẹ́, Ìdí-Ayunrẹ́. Igi ni àwọn èèyàn fi júwe ọ̀nà nígbà náà, torí igi ni ohun tó ga jù tí ojú lè rí láti òkèèrè. Bí ẹ bá bọ́ọ́lẹ̀ ní ọ̀pọ̀ nínú àwọn ibùdókọ̀ yìí lónìí, òpó ìpolówó ọjà ni ẹ ó kọ́kọ́ rí.

Ìkòyí tún jẹ́ ẹ̀rí mìíràn. Ilé àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba òyìnbó ló wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀: bọ́ngàló kan péré láàárín ilẹ̀ tó tẹ́ rẹrẹ, igi ńláńlá yí i ká. Ilẹ̀ wá di wúrà. Wọ́n wó bọ́ngàló, wọ́n kọ́ ilé àjà mẹ́wàá, mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n da kọnkéré láti fẹ́ńsì dé fẹ́ńsì. Kò sí àlàfo ilẹ̀ tí igi lè dúró sí mọ́, bó tilẹ̀ wu onílé.

Ní Ìbàdàn, Eléyẹlé ló ń dùn mí jù. Ìsédò omi Eléyẹlé ti wà láti 1942, wọ́n sì fi igbó yí omi náà ká kí erùpẹ̀ má baà máa wọ́ wọ inú rẹ̀. Ilé ti jẹ igbó yẹn wọlé díẹ̀díẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni a wá ń ṣàròyé pé adágún ń dí.

Kí ni igi kan ṣoṣo lè ṣe sí ooru ìlú?

Ní aago méjì ọ̀sán nínú oṣù Kẹta, ẹ bọ́ bàtà, ẹ tẹ títì ọlọ́dà. Lẹ́yìn náà, ẹ tẹ ilẹ̀ abẹ́ igi mángòrò. Ẹsẹ̀ yín á ti dáhùn kí n tó dáhùn.

Ọ̀dà, kọnkéré àti páànù máa ń mu oòrùn sára ní ọ̀sán, wọ́n á sì máa tú u jáde ní alẹ́. Ìdí nìyẹn tí yàrá òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì fi máa ń gbóná ní aago mẹ́wàá alẹ́ nígbà tí ìta ti tutù. Igi kì í jẹ́ kí èyí tó pọ̀ jù nínú oòrùn débẹ̀. Ó tún ń ṣe ohun kan tí agboòrùn kò lè ṣe: gbòǹgbò rẹ̀ ń fa omi láti inú ilẹ̀, ewé ń tú omi náà jáde bí èéfín omi tí ojú kò rí, ìyípadà omi sí èéfín yìí sì máa ń gba ooru lára afẹ́fẹ́. Àjọ tó ń bójú tó àyíká ní Amẹ́ríkà sọ pé tí a bá pa omi tí ewé ń tú jáde yìí àti òjìji pọ̀, wọ́n lè fi ìwọ̀n 1 sí 5 lórí òṣùwọ̀n Sẹ́lṣíọ́ọ̀sì dín ooru ọ̀sán kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Fún ẹni tí iná kì í wà nílé rẹ̀ láti yí fáànù, ìwọ̀n mẹ́ta kì í ṣe ohun kékeré.

Ẹ má sì gbàgbé pé ṣọ́ọ̀bù ni abẹ́ igi jẹ́ nílùú wa. Fọganáísà wà níbẹ̀, àwọn ọlọ́kadà wà níbẹ̀, ìyá tó ń ta ọ̀gẹ̀dẹ̀ sísun wà níbẹ̀, oní-POS náà gbé tábìlì rẹ̀ síbẹ̀. Wọn kì í san owó ilé. Bí wọ́n bá gé igi náà lówùúrọ̀, kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, olúkúlùkù ti ń wá agboòrùn aláràbarà rà. Kò sẹ́ni tí yóò ka owó yẹn mọ́ owó iṣẹ́ ọ̀nà.

Ṣé igi lè dá àgbàrá dúró?

Kì í dá a dúró pátápátá, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ bẹ́ẹ̀ fún yín. Òjò ọjọ́ 26 oṣù Kẹjọ ọdún 2011 ní Ìbàdàn pa èèyàn tó lé ní ọgọ́rùn-ún. Ti odò Ògùnpa ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹjọ ọdún 1980 tún burú ju ìyẹn lọ. Ó ba ọgbà Agodi pàápàá jẹ́, ọgbà tó kún fún igi. Ilé tí a kọ́ sójú odò àti pàǹtí tí a dà sí i ló fà á jù. Bí igi bá tó ẹgbẹ̀rún, kò lè gba ilé tó wà láàárín odò là.

Ibi tí igi ti wúlò ni òjò ojoojúmọ́, èyí tó ń sọ iwájú ilé yín di adágún. Ewé máa ń gba apá kan òjò dúró kó tó délẹ̀, ìyókù á máa kán díẹ̀díẹ̀. Gbòǹgbò ń la ilẹ̀, omi á wọlẹ̀ lọ. Nígbà tí a bá gé igi tí a sì da íńtálọ́ọ̀kì bo gbogbo àgbàlá, gbogbo ẹ̀kán òjò tó bọ́ sórí òrùlé àti àgbàlá ló ń sáré lọ sí gọ́tà lẹ́ẹ̀kan náà. Ká ní ilé kan ṣoṣo ló ṣe é, gọ́tà lè gbé e. Ṣùgbọ́n gbogbo àdúgbò ló ti ṣe íńtálọ́ọ̀kì, torí ó ń dán, kò sì ní koríko. Èmi fúnra mi mọ bó ṣe ń wu èèyàn. Ẹ fi ibì kan sílẹ̀ ṣáá láìdà á, ìdí igi àti etí fẹ́ńsì.

Igi wà nínú àgbàlá mi. Ṣé mo gbọ́dọ̀ gba àṣẹ kí n tó gé e?

Ní ìpínlẹ̀ Èkó, bẹ́ẹ̀ ni. Òfin 2011 ló dá àjọ LASPARK sílẹ̀ láti máa bójú tó ọgbà àti igi, ọ̀dọ̀ wọn sì ni èèyàn ti ń gba ìyọ̀ǹda kó tó gé igi, kódà nínú àgbàlá ara rẹ̀. Wọ́n á wá wò ó. Ní àwọn ìpínlẹ̀ wa yòókù, ẹ lọ sí ẹ̀ka igbó lábẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń rí sí àyíká, tàbí kí ẹ béèrè ní ìjọba ìbílẹ̀ yín kí ẹ tó pe alágégi.

Ọ̀pọ̀ kì í béèrè. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n máa ń pe alágégi, nígbà tí kò sí òṣìṣẹ́ ìjọba lójú pópó. Alágégi náà lè má gba owó púpọ̀, torí òun ló máa kó igi lọ: èyí tó tóbi á lọ sí pákó, ìyókù á di igi ìdáná fún àwọn alásè àti ilé búrẹ́dì. Bí ẹni kan bá sọ pé òun máa bá yín gé igi yín lọ́fẹ̀ẹ́, ẹ mọ̀ pé ẹ ti ta igi náà fún un, ẹ ò kàn gba owó ni.

Ti ọ̀nà àti iṣẹ́ ńlá ńkọ́? Ta ni à ń bi?

Láti 1992 ni òfin àpapọ̀ Nàìjíríà ti sọ pé iṣẹ́ ńlá gbọ́dọ̀ ní àyẹ̀wò ohun tí yóò ṣe sí àyíká, èyí tí gbogbo èèyàn ń pè ní EIA. Wọ́n á gbé ìwé àyẹ̀wò náà síta fún ọjọ́ iṣẹ́ 21 kí ará ìlú lè kà á kí wọ́n sì fèsì. Àkókò yẹn ni ọ̀rọ̀ igi ti lè wọlé. Àmọ́ ìwé náà nípọn, Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, ọ́fíìsì sì ni wọ́n ń gbé e sí, nítorí náà ọjọ́ 21 á kọjá láìsí ẹni tó ṣí i. Ẹgbẹ́ àwọn onílé yẹ kó yan ẹnì kan tó mọ̀wé kó lọ kà á, kó sì fi Yorùbá sọ ohun tó bá níbẹ̀ fún ìpàdé.

Ṣé gbòǹgbò igi ló ń fọ́ ilé àti fẹ́ńsì?

Nígbà mìíràn. Àràbà tàbí odán tí ẹnì kan gbìn ní ẹsẹ̀ bàtà márùn-ún sí ògiri yóò fọ́ ògiri náà, kò sí ìjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ fẹ́ńsì tí wọ́n ní igi fọ́ ló jẹ́ pé bíríkìlà kò gbẹ́ ìpìlẹ̀ jìn, tí kò sì fi irin sí i. Kí ẹ tó dá igi lẹ́bi, ẹ wo bóyá ibi tó fọ́ wà lápá ibi tí igi wà. Mo ti rí fẹ́ńsì tó là lápá ìwọ̀ oòrùn, tí wọ́n torí rẹ̀ gé igi tó wà ní ìlà oòrùn.

Kí ni ẹ fẹ́ sọ nípa gbòǹgbò?

Ohun tí mo fẹ́ kí gbogbo onílé mọ̀ ni pé gbòǹgbò igi kì í sábà jìn bí a ti rò. Ó tẹ́ bí àwo. Èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kò ju mítà kan lọ sísàlẹ̀, ṣùgbọ́n ó máa ń tàn kọjá ibi tí ẹ̀ka parí sí. Nítorí náà ẹni tó dúró ní ẹsẹ̀ bàtà méjìlá sí ìdí igi, tó ń gbẹ́ ilẹ̀, tó sì rò pé òun kò fọwọ́ kan igi, inú gbòǹgbò ló dúró sí yẹn.

Ní òpópónà kan nítòsí ibi tí mò ń gbé, igi mángòrò kan wà níwájú ọ̀dọ̀ fọganáísà. Àwọn tó ń ṣe gọ́tà dé, wọ́n gbẹ́ kòtò gba ẹ̀gbẹ́ kan rẹ̀ kọjá. Mo rí gbòǹgbò tí wọ́n gé, ó nípọn tó itan, ojú ibi tí àdá bà funfun, oje ń sun níbẹ̀. Wọ́n da kọnkéré lé e, wọ́n lọ. Igi náà ò kú. Ó so ní ọdún yẹn, ó sì so jìngbìnnì, àwọn èèyàn ń sọ pé ẹ ò rí i bó ṣe le tó. Ṣé ẹ mọ̀ pé igi tí ìyà ń jẹ lè so àsokẹ́yìn? Nígbà tó di òjò àkọ́rọ̀ ọdún kejì, ìjì gbé e, ó wó sápá ibi tí gbòǹgbò kù, ó lé orí ọkọ̀ kan. Ojú ẹsẹ̀ ni wọ́n ṣèpàdé pé kí wọ́n gé gbogbo igi tó kù lójú pópó náà, torí igi léwu. Kò sẹ́ni tó mẹ́nu ba kòtò.

Bí ẹ bá ń kọ́lé lẹ́gbẹ̀ẹ́ igi, ẹ fi igi àti okùn ṣọgbà yí i ká láti ọjọ́ àkọ́kọ́, ó kéré tán kó dé ibi tí òjìji rẹ̀ dé ní ọ̀sán gangan. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n da yanrìn àti òkúta wẹ́wẹ́ síbẹ̀, kí tírélà má gba ibẹ̀, kí wọ́n má po sìmẹ́ǹtì níbẹ̀. Omi sìmẹ́ǹtì máa ń ba ilẹ̀ jẹ́ fún gbòǹgbò. Bí ẹ bá sì da erùpẹ̀ ga bo ìdí igi láti fi tẹ́ ilẹ̀, afẹ́fẹ́ kò ní dé gbòǹgbò mọ́. Ó lè tó ọdún mẹ́ta kó tó gbẹ, ẹ ó sì máa sọ pé bóyá ẹnì kan ló da nǹkan sí i.

Igi wọnú wáyà NEPA. Kí la fẹ́ ṣe?

Ẹ pe ilé iṣẹ́ tó ń pín iná fún yín. Ẹ má gun igi tí ẹ̀ka rẹ̀ ti kan wáyà, iná yẹn kì í ṣeré. Ohun tó ń bí mi nínú ni bí àwọn òṣìṣẹ́ ṣe máa ń gé e: wọ́n á fá orí igi kodoro, wọ́n á fi kùkùté ẹ̀ka sílẹ̀. Igi á tún hu ẹ̀ka tuntun púpọ̀ láti ojú ọgbẹ́, ẹ̀ka yẹn kì í dì mọ́ra, òun ló máa ń já lulẹ̀ nígbà ìjì. Lẹ́yìn ọdún méjì, ó ti padà dé wáyà. Ẹ̀ka tó kọjú sí wáyà nìkan ló yẹ kí wọ́n gé, kí wọ́n sì gé e dé ibi tó ti yà.

Wọ́n ní àjẹ́ ń sùn sórí ìrókò iwájú ilé wa. Pásítọ̀ ní ká gé e.

Mi ò ní bá yín jiyàn ìgbàgbọ́. Ohun tí mo lè sọ ni pé ìbẹ̀rù yẹn kan náà ló dáàbò bo ìrókò fún àwọn baba wa. Ẹni tó bá fẹ́ gé e á kọ́kọ́ ṣètùtù, nítorí náà kò sẹ́ni tó kàn ń gé e láìnídìí. Nísinsìnyí ìbẹ̀rù náà ṣì wà, ṣùgbọ́n ó ti yí ojú padà, ó ti di ìdí láti gé e. Ẹ sì tún wo ẹni tó ń kó pákó rẹ̀ lọ lẹ́yìn àdúrà. Pákó ìrókò kì í ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni ń sọ nù.

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí ọ̀wọ̀ lè ṣe fún igi láàárín ìlú, ẹ lọ sí igbó Ọ̀ṣun ní Òṣogbo. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ hẹ́kítà 75, ìlú sì ti kọ́lé dé etí rẹ̀. Láti àwọn ọdún 1950 síwájú ni Susanne Wenger, tí wọ́n ń pè ní Àdùnní Olórìṣà, àti àwọn oníṣẹ́ ọnà tó bá a ṣiṣẹ́ ti dúró ti igbó náà lòdì sí àwọn ọdẹ, alágégi àti àwọn tó fẹ́ ta ilẹ̀ rẹ̀. UNESCO gbà á wọlé sínú ogún àgbáyé ní 2005. Ní Àjàṣẹ́, tí ìwé ń pè ní Porto-Novo, ọgbà igi tó wà láàárín ìlú náà jẹ́ igbó awo ti ìjòyè tí wọ́n ń pè ní Migan kí àwọn Faransé tó sọ ọ́ di ọgbà ìdánwò ọ̀gbìn. Igi tí wọ́n bá níbẹ̀ ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìjọba ti ní àwọn máa gbin igi mẹ́wàá dípò ọ̀kan tí wọ́n gé. Ṣé ìyẹn kò tó?

Kò tó, mo sì máa ń bínú sí ìṣirò yẹn. Ọmọ igi mẹ́wàá tí ewé wọn kò tó èyí tí ẹ lè fi pọ́n ọ̀lẹ̀lẹ̀ kan kò ṣe iṣẹ́ igi kan tó bo òpópónà. Kí wọ́n tó dàgbà débẹ̀, ọmọ tó ń ṣeré lábẹ́ igi àkọ́kọ́ á ti bímọ. Ìyẹn bí wọ́n bá dàgbà.

Ìpínlẹ̀ Èkó ti ń ṣe ọjọ́ igi gbígbìn ní ọjọ́ 14 oṣù Keje lọ́dọọdún láti 2008, ìgbà ìjọba Babátúndé Fáṣọlá. Ó dára, mo yìn wọ́n. Igi tó wà lójú pópó Èkó lónìí ì bá má tó bẹ́ẹ̀ láìsí rẹ̀. Àmọ́ níbi gbogbo tí wọ́n ti ń ṣe irú ayẹyẹ bẹ́ẹ̀, gbogbo èèyàn ló fẹ́ wà nínú fọ́tò ọjọ́ tí ṣọ́bìrì wọlẹ̀. Ta ni yóò bomi rin ín nínú oṣù Kìíní? Nígbà tí wọ́n bá ṣèlérí igi mẹ́wàá, ẹ bi wọ́n léèrè ibi tí wọn yóò gbìn wọ́n sí, ẹni tí yóò tọ́jú wọn, àti ẹni tí yóò padà wá kà wọ́n lẹ́yìn ọdún mẹ́ta.

Ṣé wọn ò lè hú igi náà kí wọ́n lọ gbìn ín síbòmíràn?

Ọ̀pẹ àti àgbọn, bẹ́ẹ̀ ni, wọ́n máa ń gbà. Mángòrò tó ti dàgbà tàbí ìrókò, owó ńlá ni, irinṣẹ́ rẹ̀ wọ́n, bó bá sì délẹ̀ tán ó lè kú. Ìlérí tó máa ń pa ará àdúgbò lẹ́nu mọ́ ni.

Ṣé ará ìlú ti dá igi sí níbì kankan rí, àbí àlá lásán ni?

Wọ́n ti dá a sí rí. Ní Nàìróbì, olú ìlú Kẹ́ńyà, wọ́n ń kọ́ ọ̀nà márosẹ̀ tó gùn tó kìlómítà 27. Igi ọ̀pọ̀tọ́ ńlá kan tó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún wà lójú ọ̀nà Waiyaki, igi tí àwọn ẹ̀yà Kikuyu kà sí ohun ọ̀wọ̀. Àwọn èèyàn pariwo. Nínú oṣù Kọkànlá 2020, Ààrẹ Uhuru Kenyatta pàṣẹ pé kí wọ́n má fọwọ́ kàn án. Ọ̀nà náà parí ní 2022, igi ṣì wà. Ẹ mọ̀ ṣá o pé ọ̀pọ̀ igi mìíràn ló lọ sí iṣẹ́ ọ̀nà yẹn. Ẹyọ kan ni ààrẹ dá sí. Ìlú kan náà ni Wangari Maathai, obìnrin tó ń jà fún igi, ti bẹ̀rẹ̀ ìjà ní 1989, nígbà tí ìjọba fẹ́ kọ́ ilé àjà 60 sínú ọgbà Uhuru. Wọ́n bú u, wọ́n ní obìnrin tí orí rẹ̀ kò pé ni. Wọn ò rí ilé náà kọ́. Ẹ̀bùn Nobel tẹ̀ lé e ní 2004.

Ti Sheffield ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gùn ju ìyẹn lọ. Ìjọba ìlú náà bá ilé iṣẹ́ kan ṣe àdéhùn ọdún 25 lórí títún ojú pópó ṣe ní 2012, àdéhùn náà sì fàyè gba kí wọ́n rọ́pò igi tó tó 17,500. Àárọ̀ kùtùkùtù ọjọ́ 17 oṣù Kọkànlá 2016 ni wọ́n dé òpópónà Rustlings Road pẹ̀lú ọlọ́pàá, wọ́n ń jí èèyàn lójú oorun pé kí wọ́n gbé mọ́tò wọn kúrò. Wọ́n mú àwọn arúgbó. Nǹkan bí 5,600 igi ni wọ́n ti gé kí wọ́n tó dáwọ́ dúró ní 2018. Ìwádìí tí Mark Lowcock darí lórí ọ̀rọ̀ náà jáde ní 2023, ó sì dá ìjọba ìlú lẹ́bi gidigidi. Wọ́n tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ará ìlú. Ẹ̀yin tó ní ẹbí lókè òkun, tó rò pé irú èyí kì í ṣẹlẹ̀ lọ́hùn-ún, ẹ fi ìyẹn sọ́kàn.

Katapílà ti dé. Kí la fẹ́ ṣe báyìí?

Ẹ má bá awakọ̀ jà, iṣẹ́ ni wọ́n rán an. Ẹ wá ọ̀gá iṣẹ́, ẹni tó di pláànù mọ́wọ́, kí ẹ bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀ pé, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé igi yìí wà nínú èyí tí wọ́n ní kí ẹ gé?" Ẹnu á yà yín bí ìdáhùn ṣe máa ń jẹ́ "A kàn fẹ́ rí àyè gbé ẹ̀rọ sí ni." Ẹ fi fóònù ya igi náà láti òkè délẹ̀, kí ẹ rí i pé ilé tó wà nítòsí hàn nínú rẹ̀. Ẹ pe alága ẹgbẹ́ onílé, ẹ pe káńsílọ̀, ẹ pe báálẹ̀. Bí àgbàlagbà mẹ́ta bá jókòó sórí bẹ́ńṣì lábẹ́ igi, kò sí awakọ̀ tó máa sún mọ́ wọn. Ẹ ní ohun kan pàtó tí ẹ ń tọrọ: kí gọ́tà yà, kí wọ́n gé ẹ̀ka dípò igi, tàbí kí iṣẹ́ dúró títí di ọ̀la. Ẹni tó kàn ń pariwo "Ẹ má gé e!" ni wọ́n máa ń sún sẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ṣé igi wà tí ẹ̀yin náà lè ní kí wọ́n gé?

Ó wà. Bí ìdí rẹ̀ bá ti ní ihò, tí olú ń hù níbẹ̀. Bí ẹ bá fi igi lu ara rẹ̀ tó ń dún gbọ̀ngbọ̀n bí ìlù. Bí igi tó dúró ṣánṣán tẹ́lẹ̀ bá ṣàdédé fì, tí ilẹ̀ ìdí rẹ̀ sì ń là. Ẹ gé irú rẹ̀ kó tó pa èèyàn. Ewé tó ń bọ́ sí àgbàlá kò sí lára ìdí. Ìgbálẹ̀ ni oògùn ìyẹn.

Ẹranko wo ló ń gbé nínú igi ìgboro?

Ẹ lọ sí Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ifẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ wo bí àdán ṣe ń tú jáde láti inú àwọn igi ọgbà náà títí ojú ọ̀run á fi dúdú. Wọ́n ń dọ̀tí mọ́tò, mo mọ̀. Irú àdán yìí ló sì ń gbé kóró èso ìrókò káàkiri, tí òmíràn fi ń hù láìsí ẹni tó gbìn ín.

Àyè mi kò tó nǹkan. Igi wo ni mo lè gbìn, báwo ni kò ṣe ní kú?

Akòko kò gba àyè, ó dára létí fẹ́ńsì. Ọsàn àti gúáfà kì í ga jù. Igi tí wọ́n ń pè ní masquerade náà kò fẹ̀, ṣùgbọ́n òjìji rẹ̀ kò tó nǹkan. Ẹwà ni wọ́n ń wá níbẹ̀. Bí ẹ bá ní àyè tó fẹ̀ tó mítà mẹ́jọ sí ilé, ẹ gbin mángòrò tàbí àgbálùmọ̀. Dóńgóyárò le, ó máa ń fara da ọ̀gbẹlẹ̀. Ẹ má gbin àràbà sí púlọ́ọ̀tì kan, ẹ jọ̀ọ́.

Ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni kí ẹ gbìn ín, oṣù Kẹrin tàbí Karùn-ún, kó lè mú ilẹ̀ kí ọyẹ́ tó dé. Kí kòtò fẹ̀ ju ike ọmọ igi lọ ní ìlọ́po méjì, ṣùgbọ́n kó má jìn jù ú lọ. Ẹ ya ike náà dànù. Ọ̀pọ̀ ń gbìn ín tòun ti ike. Ẹ fi ewé gbígbẹ bo ìdí rẹ̀, kó má kan ara igi. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, garawa omi kan lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ sàn ju ife kan lójoojúmọ́, torí omi tó wọlẹ̀ jìn ló ń fa gbòǹgbò lọ sísàlẹ̀. Ẹ ṣe èyí fún ọ̀gbẹlẹ̀ méjì. Ẹ sì ṣọgbà sí i lára lọ́jọ́ tí ẹ bá gbìn ín gan-an, nítorí ewúrẹ́ àdúgbò kì í dúró de ọjọ́ kejì.